Àwo tó mọ́ jù, mo máa ń fura sí i

Ẹni tó bá ti ra àwo orin àtijọ́ lọ́wọ́ òyìnbó rí á mọ bí wọ́n ṣe ń díye lé e. Ojú àwo ni wọ́n kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò. Bó bá ń dán, tí ò ní ìlà kankan lára, owó gọbọi ni. Bó bá ti fara pa, owó ẹ̀ já wálẹ̀, wọ́n á ní èyí ò tó nǹkan. Ó dáa, mi ò bá wọn jà, olówó ló mọ ohun tó fẹ́ fowó ẹ̀ rà. Àmọ́ níbí, ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó tí mo ti ń ṣa àwo kiri, ọ̀rọ̀ yẹn dojú kodò pátápátá. Àwo tí wọ́n tẹ̀ ní nǹkan bí 1964 tó ṣì mọ́ tónítóní títí dòní, ẹ bi í pé kí ló ń ṣe látọjọ́ yẹn? Kò sẹ́ni tó fi jó ni! Wọ́n rà á wálé, wọ́n gbé e sí i lẹ́ẹ̀kan, bàbá ní ẹ yọ ìyẹn kúrò jàre ẹ bá mi fi I.K. Dairo síbẹ̀, ó parí, ó wọnú páálí lọ nìyẹn, ibẹ̀ ló wà tí bàbá fi dàgbà tí bàbá fi kú tí àwọn ọmọ fi pín ilé.

Èyí tí wọ́n fẹ́ràn ńkọ́? Ìyẹn ti rí màbo. Wọ́n fi ṣe ìkómọ, wọ́n fi ṣe òkú àgbà, wọ́n fi ṣe Kérésì nígbà tí owó kòkó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, abẹ́rẹ́ tó ti kú látọdún tó kọjá ni wọ́n ṣì ń gbé lé e, ọmọdé fọwọ́ ọbẹ̀ mú un, àlejò gbé ìgò bíà lé e lórí. Tẹ́ ẹ bá gbé e sí i lónìí, ó ń ta ṣáṣá bí ẹni ń dín dòdò, abẹ́ ariwo yẹn ni ohùn olórin á ti máa yọ díẹ̀díẹ̀. Òun gan-an ni mò ń wá kiri.

Torí náà bí wọ́n bá gbé àwo lé mi lọ́wọ́, kí n tó ka ohun tó wà lára lébẹ̀lì, ọgbẹ́ ara ẹ̀ ni mo máa ń kà. Àwo 45, èyí kékeré tó ń yí ìgbà márùndínláàádọ́ta ní ìṣẹ́jú kan, ní ojú méjì, orin kan níwájú, orin kan lẹ́yìn. Ilé-iṣẹ́ tó gbé e jáde ti yan èyí tí wọ́n fẹ́ káwọn èèyàn gbọ́, òun ni wọ́n fi síwájú, èyí tó kù wọ́n kàn fi dí àyè ni. Àmọ́ mo ti rí àwo tí iwájú ẹ̀ ń dán tí ẹ̀yìn ẹ̀ ti bó, ìyẹn ni pé ilé yẹn ti dìbò tiwọn, wọn ò gba ti ilé-iṣẹ́ gbọ́. Àwọn tó ń kọ ìtàn orin á sọ fún yín pé orin báyìí ló gba ìgboro lọ́dún báyìí, ó lè jẹ́ òótọ́ l'Ékòó, ṣùgbọ́n ní Arákalẹ̀ l'Ákùúrẹ́ ńkọ́?

Kẹ́ ẹ tó ní mò ń ṣàsọdùn, ẹ wo orin òyìnbó tó máa ń wà nínú àwọn páálí wọ̀nyí. Jim Reeves! Mi ò tíì rí Jim Reeves tó mọ́ rí láyé mi. Ọkùnrin yẹn kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú lóṣù keje ọdún 1964, àmọ́ nílẹ̀ wa níbí ẹ ẹ̀ lè mọ̀ pé ó kú, torí láràárọ̀ ọjọ́ Sunday ohùn ẹ̀ ṣì ń jáde lójú wíńdò ilé àwọn ìyá ìjọ. Gbogbo àwo ẹ̀ ló ti gbó kanlẹ̀. Beatles tí gbogbo ayé ń pariwo, èyí tí mo rí ní Oǹdó ń dán gbinrin, bóyá ọmọ tó lọ sílé ìwé gíga ló rà á wálé tí bàbá ẹ̀ ní irú ariwo wo nìyí. Cliff Richard wà láàárín, ó gbó díẹ̀. Chubby Checker oní-tuìsìtì, ìyẹn ti fẹ́ẹ̀ lu, kò yà mí lẹ́nu, gbogbo ọ̀dọ́ ìgbà yẹn ló fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń yí ìdí yẹn.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ìgbà yẹn díẹ̀ fún àwọn tí wọn ò bá a. Kò tíì sí ìpínlẹ̀ Oǹdó, 1976 ni wọ́n dá a sílẹ̀, abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ni gbogbo wa wà tí Ìbàdàn jẹ́ olú-ìlú. Kòkó ni owó. Ẹni tó bá ti kó kòkó lọ sórí ìwọ̀n tí wọ́n sanwó fún, ohun tó kàn ni páànù, lẹ́yìn páànù ó kan rédíógíráàmù, ìyẹn àpótí ńlá onígi tó ní rédíò nínú tó tún ní ibi tí wọ́n ń gbé àwo sí, wọ́n á fi aṣọ tí wọ́n fọwọ́ hun bò ó lórí kí eruku má bàa bà á, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án àfi bàbá. Ilé tí ò níná, gíràmófóònù tí wọ́n ń fọwọ́ yí ni tiwọn, tàbí èyí tó ń jẹ bátìrì. Àwo 78 ló kọ́kọ́ wà, èyí tó nípọn tó wúwo, tó bá já bọ́ báyìí ó ti di wẹ́wẹ́ nìyẹn. Nígbà tó fi máa di àárín ìgbà 60, àwo 45 kékeré ti gba gbogbo ilé, òun fúyẹ́, kì í sì í dédé fọ́.

Decca, Philips, àti EMI tó ń lo orúkọ HMV àti Parlophone, àwọn ni ọ̀gá nígbà yẹn. Èkó ni wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, àmọ́ òkè òkun ni wọ́n ti ń tẹ ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀, ẹ wo etí lébẹ̀lì Decca, ẹ máa rí "Made in England" níbẹ̀. Ẹ rò ó wò, orin Yorùbá tí wọ́n kọ l'Ékòó, wọ́n tẹ̀ ẹ́ nílùú ọba, ó tún wọkọ̀ padà wá, ó wá di ohun tí wọ́n ń jó ní Òkè Àró l'Ákùúrẹ́. Ojú kan ò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, ó lè fi díẹ̀ lé. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn olórin gbọ́dọ̀ kí ẹni tó fẹ́ kí, kó pa òwe, kó fún onílù láyè, kó sì parí. Àwọn tó jẹ́ pé LP, ìyẹn àwo ńlá, ìgbà 70 síwájú ni wọ́n fi mọ Obey àti Sunny, tí orin kan ń gba odidi ojú àwo, ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀ pé àwọn ọ̀gá yìí náà ti fìgbà kan ṣe oníṣẹ́jú mẹ́ta, ọgbọ́n tó wà nínú ìyẹn sì ju ti gígùn lọ lójú tèmi. (Ẹ má bú mi o. Tí mo bá ń lọ s'Íbàdàn, èyí tó gùn yẹn náà ni mò ń fi sínú mọ́tò.)

Ohun tó ń dùn mọ́ àwa tí à ń kó àwo jọ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni mímọ ọdún. Ọ̀pọ̀ àwo 45 ìgbà yẹn ò ní ọdún kankan lára. Orúkọ olórin wà níbẹ̀, orúkọ orin, nọ́ńbà, wọ́n á kọ "Sung in Yoruba" sí i, ó tán, ẹ̀yin lẹ máa fọgbọ́n wá èyí tó kù. Ẹ wo I.K. Dairo ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ẹni tó gbé àkọ́díọ̀nù wọnú jùjú tí gbogbo ìlú fi ya wèrè. Báǹdì tó dá sílẹ̀ ní 1957, Morning Star Orchestra ló ń jẹ́, ẹ̀yìn ìyẹn ló wá di Blue Spots. Ní 1963, ọbabìnrin ìlú òyìnbó fún un ní oyè M.B.E. Tẹ́ ẹ bá rí Morning Star lára lébẹ̀lì, àwo yẹn ti pẹ́ gan-an. Tó bá jẹ́ Blue Spots àmọ́ tí M.B.E. ò sí níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kó tó di 1963. Tí wọ́n bá ti wá kọ M.B.E. sẹ́yìn orúkọ ẹ̀, ẹ má wulẹ̀ jiyàn, 1963 ni tàbí lẹ́yìn ẹ̀. "Salome" ti jáde ní 1962, oyè ò tíì dé nígbà yẹn, torí náà bí ẹnì kan bá gbé Salome tó ní M.B.E. lára wá tó ní ẹ san owó àkọ́tẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Obey. 1964 ló dá International Brothers sílẹ̀, Decca ló ń gbé e jáde, tẹ́ ẹ bá ti rí Inter-Reformers, orúkọ tí báǹdì ẹ̀ padà ń jẹ́, ẹ ti wọ ìgbà 70 nìyẹn. Fela náà, tó bá jẹ́ "Fela Ransome-Kuti and his Koola Lobitos" ló wà níbẹ̀, kò tíì di Anikulapo, kò tíì sí Africa 70, kò tíì lọ sí Amẹ́ríkà tó lọ ní 1969, háíláìfù tó fi jáàsì pò ló ṣì ń ṣe, àwọn èèyàn ò sì fi bẹ́ẹ̀ rà á. Koola Lobitos tó mọ́, kò yà mí lẹ́nu. Koola Lobitos tó ti gbó, ó wù mí kí n mọ ẹni tó ni ilé yẹn, torí etí ẹ̀ jí ju ti aládùúgbò ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ará Oǹdó, ẹ máa ń fi Sunny Ade ṣe fáàrí, ẹ sì tọ́ sí i, ọmọ yín ni. Ẹ̀ẹ́melòó lẹ ti rí Green Spots nílé ẹnikẹ́ni? Òun ni báǹdì ẹ̀ kó tó di African Beats, ilé-iṣẹ́ African Songs ló sì ń gbé àwo wọn jáde. Gbogbo ayé mọ ọ̀kan tó ń jẹ́ "Challenge Cup" tó fi yin Stationery Stores, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Èkó yẹn gba ife náà ní 1967, wọ́n tún gbà á ní 1968, ṣé ẹ ti rí ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀? A ti jiyàn lórí èwo nínú ọdún méjèèjì ni orin yẹn ń sọ títí iná fi lọ tí ìyá onílé fi ní ká máa lọ sílé. Àwọn ọmọdé ò sì mọ̀ pé Baba Sala aláwàdà ló ti jẹ́ ọ̀gá Sunny rí, Moses Olaiya fúnra ẹ̀, báǹdì ẹ̀ ni Federal Rhythm Dandies, ibẹ̀ ni Sunny ti ta gìtá kó tó dá tiẹ̀ sílẹ̀.

Ti Orlando Owoh ló sún mọ́ mi jù. Ọmọ Ìfọ́n ni, tẹ́ ẹ bá ti kọjá Ọ̀wọ̀ díẹ̀ ẹ ti débẹ̀. Ó ti kú ní 2008, gbogbo onímọ́tò ọ̀nà yìí ló ní kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀ nígbà kan, àmọ́ Kenneries, báǹdì tó ní lẹ́yìn, ni gbogbo wọn mọ̀. Omimah Band tó dá sílẹ̀ ní 1960, tó ń ṣe lábẹ́ Decca, ìyẹn ló ṣòro láti rí. Ohùn tó ha yẹn ti wà níbẹ̀ o, kò tíì ha tó bó ṣe padà wá ha, ẹ máa gbọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin nínú ẹ̀. Èyí tí mo bá sì rí, mi ò rí èyí tí ò lọ́gbẹ́. Bí àwa ará ibí ṣe fẹ́ràn ọkùnrin yẹn tó nìyẹn.

Nígbà míì, ọ̀rọ̀ inú orin ló máa gbà yín. Tí olórin bá ń ka owó ní pọ́n àti ṣílè, ó sábà máa ń jẹ́ pé náírà ò tíì dé, January 1973 ni náírà dé. Tó bá ń kí Gowon tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí Nàìjíríà wà ní ọ̀kan, ogun 1967 sí 1970 nìyẹn.

Ní ti ibi tí wọ́n ti ń rí i, inú ilé ni. Lọ́jà, ẹni tó ń ta ògbólógbòó irin lè ní díẹ̀, àmọ́ oòrùn á ti ká a kò. Nínú àwọn pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí àwọn oníkòkó kọ́, abẹ́ àtẹ̀gùn, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òkè àjà, ibẹ̀ ni nǹkan wà. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tún fóònù ṣe ní Yába ní Oǹdó ló mú mi lọ bá màmá kan ní Òkè Lísà. Mo dọ̀bálẹ̀, a kíra títí, màmá ń fi Oǹdó sọ̀rọ̀ tí mo ń fi gbogbo etí gbọ́ ọ, wọ́n bi mí pé ọmọ ta ni mí, mo ka ìdílé mi, wọ́n ní àwọn mọ ẹnì kan níbẹ̀ nígbà tí àwọn ń ta aṣọ l'Ákùúrẹ́, ó ti fẹ́ di pé a bára tan. Wọ́n wá ní:

"Kí lo fẹ́ fi wọ́n ṣe? Àbí o fẹ́ lọ tà á fún òyìnbó ni?"

"Rárá mà. Mo fẹ́ máa gbọ́ ọ ni mà."

"Ta ló tún ń gbọ́ ìyẹn? Àwọn ọmọ tèmi ò fẹ́ rí i sójú."

"Èmi ń gbọ́ ọ mà."

Wọ́n wò mí dáadáa, wọ́n ní kí n fa àpótí yẹn jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Mú èyí tí ò dáa, fi èyí tó dáa sílẹ̀ fún mi." Mo ní mà, èwo ló dáa? Ni màmá bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n sọ́tọ̀ fúnra wọn. Gbogbo èyí tó ti gbó, tí ìlà ti kún ara ẹ̀, tí lébẹ̀lì ẹ̀ ti ṣí, ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ wọn. Gbogbo èyí tó ń dán, ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ mi. Òyìnbó tó ń ra àwo ì bá ti fò sókè! Rédíógíráàmù ilé yẹn ti kú tipẹ́ o, adìyẹ ló ń yé lé e lórí, kò sí ohun tí wọ́n lè fi gbọ́ ìkankan nínú wọn, síbẹ̀ wọn ò gbà kí ọ̀kan lọ. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ n gbé ẹ̀rọ tèmi wá lọ́jọ́ míì kí n kàn gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí mo gbé e dé, mo gbé ọ̀kan lára èyí tó gbó jù sí i, ariwo yẹn ló kọ́kọ́ jáde, mo ti ń bẹ̀ wọ́n pé mà ẹ má bínú kò dún dáadáa, àṣé màmá ti wọnú orin, wọ́n ti ń kọ ọ́ lọ ṣáájú olórin. Ibi tí abẹ́rẹ́ ti fò, wọn ò fò, wọ́n kọ èyí tó sọnù yẹn sí i. Gbogbo ẹ̀ ló wà lórí fóònù mi, ohùn olórin, ohùn ariwo, ohùn màmá. Ẹlòmíì á ní mo ba rekọ́dìn jẹ́. Òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí mo ní.

Àwọn tó mọ́ tí wọ́n fún mi yẹn wá ńkọ́? Ìyẹn ni ìjà wa. Àwa kan máa ń pàdé nílé ẹ̀gbọ́n wa ní Alágbàká l'Ákùúrẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì wà nínú wa, ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò wà níbẹ̀, ẹni tó ń lu orin níbi àríyá àgbàlagbà náà wà níbẹ̀. Òfin kan ṣoṣo la ní, ẹ ò gbọdọ̀ dárúkọ olórin kí orin tó parí, torí téèyàn bá ti gbọ́ orúkọ ńlá, orí ẹ̀ á ti máa mì kó tó gbọ́ nǹkan kan. Bàbá olùkọ́ wa yìí gbọ́ orin wọ̀nyí nígbà tó ṣì gbóná, wọn kì í gbà fún wa rárá. Tá a bá gbé báǹdì tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ sí i, tí àwa ń mi orí, bàbá á ní:

"Tó bá dùn ni, ṣé a ò ní ti gbọ́ ọ nígbà yẹn? Àbí etí wa di ni?"

Ẹ̀gbọ́n á ní, "Ẹ má bínú sà. Níbo lẹ fẹ́ ti gbọ́ ọ?"

Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n ni mo wà lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Orin ò lẹ́sẹ̀ tó máa fi rìn wá bá yín. Tí rédíò Ìbàdàn ò bá lò ó, tí ò jáde nínú àpótí Rediffusion, ìyẹn rédíò oníwáyà tí wọ́n ń fà wọnú ilé, ará Àkúrẹ́ ò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kọ nǹkan kan. Tí àwọn díẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ò bá tètè tà, ilé-iṣẹ́ ò ní tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ tún wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ yìí láàárín ọdún díẹ̀ péré. Ìbò Ìwọ̀-Oòrùn 1965, wẹ́tìẹ̀ dé, wọ́n ń fi iná sun ilé àti èèyàn, Àkúrẹ́ àti Oǹdó ò gbẹ́yìn nínú ẹ̀, ta ló fẹ́ jáde lóru lọ jó háíláìfù lásìkò yẹn? Ọdún tó tẹ̀ lé e ológun gbàjọba, kò pẹ́ ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ afunfèrè àti onígìtá inú àwọn báǹdì háíláìfù Èkó àti Ìbàdàn, ọmọ Ìlà-Oòrùn ni wọ́n, wọ́n padà sílé, báǹdì tú ká. Jùjú tí ò nílò fèrè rẹpẹtẹ, tó ń kí olówó lórúkọ níbi ìnáwó, ló jókòó sí àga yẹn. Báǹdì tó ṣe àwo kan péré ní 1965 tó wá tú ká ní 1967, kí ni ẹ fẹ́ kó ṣe? Roy Chicago gan-an tó fi ìlù gángan sínú háíláìfù, tó kọ "Iyawo Pankeke" tí gbogbo ilé fi gbó, ọmọ ìsinsìnyí mélòó ló mọ̀ ọ́n? Orlando Julius tí wọ́n bí sí Ìkọ̀lé-Èkìtì níbí, tó ti ń po sóòlù mọ́ háíláìfù nínú "Super Afro Soul" ní 1966, òyìnbó ló ń tún un tẹ̀ tó ń rà á lówó iyebíye, nígbà tó kú ní 2022 àwọn kan nínú àwọn ọmọ àdúgbò mi ní ta nìyẹn.

Àmọ́ bàbá náà ò parọ́ tán. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tó mọ́ yẹn ò dáa, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Gìtá ò bára wọn mu, olórin ń sáré, onílù ń lé e bọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó ẹ ti ń làágùn fún wọn. Kò sí bó ṣe ṣọ̀wọ́n tó tó máa dùn sí i. Ohun tó ń bí mi nínú lára àwa tí à ń kó àwo jọ nìyẹn, ẹnì kan á gbé ìdọ̀tí sí i, á ní ẹ dákẹ́ ẹ gbọ́, méjì péré ló kù láyé. Kí èyí tó kù náà tètè fọ́ jàre.

Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú díẹ̀ torí wọ́n máa ń bi mí. Ikán kì í jẹ àwo, páálí àti lébẹ̀lì ló ń jẹ, ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ tò ó ní òòró, ẹ má gbé e sábẹ́ páànù tó ń gbóná. Omi bátìrì tí àwọn tó ń ṣe wáyà mọ́tò ń tà (omi lásán yẹn o, kì í ṣe asíìdì!), ẹ fi ọṣẹ abọ́ kékeré kán sí i, búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, ẹ tẹ̀ lé bí ìlà ẹ̀ ṣe yí, má jẹ́ kó kan lébẹ̀lì. Àwo 78, sípírítì ò gbọdọ̀ dé ara ẹ̀ láéláé, ṣẹ́láàkì ni wọ́n fi ṣe é, káfíńtà tó bá ń fi ṣẹ́láàkì dán àga á sọ fún yín pé sípírítì ló ń yọ́ ọ.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù, ẹ yẹ iná wò. Mọ́tò inú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ wọ̀nyí, bí iná bá ṣe ń sáré ni òun náà ń sáré, 50 Hz ló yẹ kó jẹ́, jẹnẹrétọ̀ kékeré yìí kì í dúró síbẹ̀. Tó bá sáré jù, ohùn gbogbo olórin á lọ sókè, bẹ́ẹ bá ṣeré ẹ máa ní Tunde Nightingale, olórin jùjú olóhùn tín-ín-rín yẹn, ló ń kọ gbogbo àwo tẹ́ ẹ ní nílé. Tí fìríìjì bá tún wọlé láàárín orin, á rọ̀ wálẹ̀. A ti jiyàn gan-an lórí ẹni tó ni ohùn kan rí kí ẹnì kan tó ní ẹ jẹ́ ká paná gẹ́ẹ̀nì ká fi ínfátà sí i, iyàn parí lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀kan ṣì wà nílẹ̀ tí ínfátà ò yanjú. Ó wà lára àwọn tí màmá Òkè Lísà fún mi, 45 ni. Ikán ti jẹ lébẹ̀lì iwájú tán, ti ẹ̀yìn ku ìdajì, ohun tẹ́ ẹ lè kà níbẹ̀ ni "and his" pẹ̀lú "Sung in Yoruba", ṣé ẹ rí ìyà? Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ara àwo létí lébẹ̀lì wà níbẹ̀, àmọ́ apá kan ti ha dànù. Àkọ́díọ̀nù ló kọ́kọ́ wọlé, gángan dá a lóhùn, ọkùnrin kan wá ń kìlọ̀ fáwọn àgbẹ̀ pé kí wọ́n má ta kòkó tútù, ó ní ẹni tó bá ta kòkó tútù á fi ṣílè ọwọ́ ẹ̀ jẹ gbèsè. Bàbá olùkọ́ ní aláfarawé I.K. Dairo ni, wọ́n pọ̀ nígbà yẹn. Ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní bó ṣe ń pe ọ̀rọ̀, ará Èkìtì ni. Ẹ̀gbọ́n ní irọ́ ni, ará Ọ̀wọ̀ ni. Iwájú àwo yẹn ń dán, ẹ̀yìn tí orin kòkó yìí wà ni ìlà kún, ó fi hàn pé ẹnì kan nílé yẹn fẹ́ràn ẹ̀, màmá sì ní kì í ṣe àwọn, ọkọ àwọn ni.

Ẹni tí bàbá ẹ̀ tàbí bàbá àgbà ẹ̀ bá ṣe orin ní Àkúrẹ́, Oǹdó, Ọ̀wọ̀ tàbí Ìkàrẹ́ nígbà yẹn, ẹ bá mi bi wọ́n léèrè orin kòkó tútù. Tí wọ́n bá ní àwo ẹ̀ wà nílé, kódà kó ti gbó kọjá ààlà, ẹ má tíì fọ̀ ọ́ o, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dé.